Ẹni Tó Hun Aṣọ, Èló Ló Kàn Án?

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Dubai àti Sharjah, ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala yìí tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni mo sábà máa ń sọ níbẹ̀: owó ilé, owó ìfẹ̀yìntì, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ti òní náà, ọ̀rọ̀ owó ni, àfi pé ó wọ aṣọ wá.

Níbi ìkómọ kan tí a ṣe ní Sharjah ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, fọwọ́ kan gèlè ìyá rẹ̀, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé ní Deira ni wọ́n ti ń ṣe é?" Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Deira ni ìyá rẹ̀ ti ra léèsì, ibẹ̀ ló ti ra bàtà àti báàgì tó bá léèsì náà mu. Kí ló fẹ́ mú un rò pé gèlè nìkan ló ti ibòmíràn wá? Mo ṣèlérí fún un pé n ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ bí. Ìsẹ́yìn ni ìlú mi, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lẹ́bàá òkè Ebedi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í ṣe agogo ló ń jí mi láàárọ̀, ìró òfì ni. Ahunṣọ á jókòó, òwú á nà gbọọrọ síwájú rẹ̀, òkúta tó wúwo á wà ní ìpẹ̀kun òwú náà tí á máa mú un le. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ omù kan, á fi èkejì sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á ju ọ̀kọ̀ láti ọ̀tún sí òsì, á tún jù ú padà láti òsì sí ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn á fa asà, ohun kan tó rí bí ìyarun ńlá, mọ́ra gbà, kí òwú lè há. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò fẹ̀ ju bí ínṣì mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn títí. Télọ̀ á gé e, á rán an mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di gèlè, ó di ìró, ó di agbádá. Bí ẹ bá wo gèlè ìyá yín dáadáa, ẹ ó rí ojú rírán náà. Ẹ kà á. Iye ojú rírán tí ẹ bá rí, ẹ fi ẹyọ kan kún un, iye ọ̀já tí wọ́n hun nìyẹn.

Ẹtù dúdú mininjọ nítorí aró. Sányán ní àwọ̀ bí erùpẹ̀, òwú kòkòrò inú igbó ni wọ́n fi ń hun ún. Àlàárì pupa. Òwú sílíkì tí wọ́n fi ń hun àlàárì láyé àtijọ́, láti Àríwá Áfíríkà ló ti ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lórí ràkúnmí wá sílé wa. Ẹ wá rí i pé ọwọ́ àwọn Lárúbáwá àti ọwọ́ ahunṣọ wa ti pàdé ara wọn kí bàbá ńlá wa tó bí bàbá wa.

Ẹni tó bá sì rò pé àná ni aṣọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun, ó ṣì í rò. Ọ̀gákọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, John Adams, tẹ ìwé jáde ní 1823, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé aṣọ Ìjẹ̀bú àti ti Ọ̀yọ́ wà lára ohun tí àwọn Potogí ń rà lọ tà ní Brasil. Ní Bahia, pano da costa ni wọ́n ń pè é, ìyẹn aṣọ tó ti etíkun wa wá. Àwọn obìnrin Candomblé ṣì ń da aṣọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn títí di òní. Àdìrẹ Abẹ́òkúta náà rìn jìnnà: ní àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò Gold Coast àti Senegal ń wá rà á. Nígbà tó yá ni aró òyìnbó àti sódà dé, iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí pé aṣọ kò dáa bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin dè é, àwọn ìyá aláró ní àwọn ò gbà, ó sì di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí ní 1936. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aró yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ tèmi. Ní 2022, lẹ́yìn tí Expo parí ní Dubai, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ ilé wá jẹun nílé wa. Ìyàwó mi ti fi aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ àárín tábìlì. Obìnrin náà kò gbọ́ ohun tí à ń sọ mọ́, aṣọ ló ń fọwọ́ pa. Kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ irú rẹ̀ 60. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn. Mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìsẹ́yìn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, tó ń hun aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wá ẹni tí yóò hun 60." Wọ́n pín in fún ilé mẹ́rin. Mo ń fi owó òwú ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí owó ṣe ń tó mi lọ́wọ́.

Ẹrù dé. Mo tú u ní pálọ̀, gbogbo rẹ̀ dára lójú mi, àfi bí ọmọ tuntun ṣe máa ń dára lójú ìyá rẹ̀. Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù mú rúlà jáde. Àwọn kan fẹ̀ ju àwọn kan lọ ní ínṣì kan gbáko. Búlúù oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó wá mú aṣọ ìnujú funfun, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi nu ọ̀kan lára àwọn aṣọ náà. Aṣọ ìnujú di búlúù. Ó mú 41, ó dá 19 padà. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ní àwọn oníbàárà òun á da tíì sórí rẹ̀, tábìlì wọn funfun ni.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo yín. Mo yọ owó 19 náà kúrò nínú owó àwọn ahunṣọ. Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé iṣẹ́ yín kò péye, ohun tí wọ́n rà ni mo lè san. Mo rò pé bí oníṣòwò ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ọdún Iléyá tó tẹ̀lé e ni mo lọ sílé. Bàbá Kékeré kò bínú. Wọ́n fún mi lẹ́kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n jẹun tán. Wọ́n wá mú ìwé àkọsílẹ̀ kan jáde, ìwé àwọn ọmọ iléèwé, orúkọ àwọn tó hun aṣọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí oníkálùkù fi hun ún. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé owó. Bá mi ṣírò rẹ̀. Èmi kò mọ ibi tó gbà lọ."

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé. Mo ro ti aṣọ ẹyọ kan. 90 dirham ni ṣọ́ọ̀bù san fún mi. Òwú gba 19. Télọ̀ gba 8. Gbígbé e láti Ìsẹ́yìn dé Èkó, àti ọkọ̀ òfurufú dé ibí, jẹ́ 24. Ìbodè gba ìdá 5 nínú 100, VAT tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní 2018 tún gba ìdá 5 lórí ìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Èmi tí mo tẹ fóònù gba 14. Ahunṣọ gba 18.

Ọjọ́ méjì ni ẹyọ kan ń gbà bí a bá ti ka títa òwú mọ́ ọn. 18 fún ọjọ́ méjì, 9 ni fún ọjọ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ, kò lè ra shawarma méjì. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ká òwú, àwọn ọmọ tó ń bá a ká a lálẹ́, orúkọ wọn kò sí nínú ìṣirò mi rárá. Aṣọ 19 tí mo kọ̀ láti san owó rẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 38 ni. 342 dirham ni mo yọ. Lóòótọ́ èmi náà pàdánù: nígbà tí mo ro èrè mi pọ̀ mọ́ owó òwú, télọ̀, ọkọ̀ àti ìbodè lórí 19 tó padà, mo jẹ gbèsè 528. Ṣùgbọ́n owó oṣù tèmi wọlé ní ìparí oṣù. Nínú ìwé Bàbá Kékeré, mo rí i pé wọ́n ti lọ yá owó láti fi san fún ọmọkùnrin méjì kan tó wà lára àwọn ahunṣọ náà, nítorí pé àwọn ni wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Mo ti ṣe ìṣirò fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní ìlú yìí ju ogún ọdún lọ. Kò sí ibi tí mo ti gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó òṣìṣẹ́ sílẹ̀ láìkà á mọ́ iye tí ọjà ná wọn. Ti bàbá mi ni mo fi sílẹ̀.

Ta ló jẹ̀bi àwọ̀ mẹ́ta? Mo bi Bàbá Kékeré. Wọ́n ní, "Bó o bá fi owó ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹta. Òwú tí a bá bá lọ́jọ́ náà la ó rà." Ẹ ò rí nǹkan! Aró tí wọ́n fi pa òwú lónìí kì í bá tọ̀la dọ́gba. Ti pé àwọn kan fẹ̀ jù ńkọ́? Ilé mẹ́rin, asà mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ti aró tó ń ṣí ńkọ́? Òwú tí owó tí mo fi ránṣẹ́ lè rà ni wọ́n rà. Gbogbo ẹ̀bi tí mo kọ sórí WhatsApp, ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. 240 dirham ni wọ́n ń ta á. Bébà kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ní Áfíríkà ni wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe é. Áfíríkà! Bí ẹni pé ìlú kan ni. Ẹ lọ sí Blue Souk ní Sharjah, ẹ bi àwọn oníkápẹ́ẹ̀tì léèrè. Kò sẹ́ni tí á sọ fún yín pé Éṣíà ni kápẹ́ẹ̀tì òun ti wá. Á ní Tabriz ni, Kashan ni, Isfahan ni, Qom ni, á wá yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí ẹ lè rí bí kókó rẹ̀ ṣe dí tó. Orúkọ ìlú yẹn wà lára owó tí ẹ ń san.

Àwọn onílẹ̀ tí à ń gbé lọ́dọ̀ wọn náà ti ronú sí i. Àwọn obìnrin wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn: sadu tí àwọn ará aginjù fi irun àgùntàn, ti ràkúnmí àti ti ewúrẹ́ hun, tálì tí wọ́n ń dì sí ọrùn àti ọwọ́ aṣọ, safífà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ dábínù hun. UNESCO kọ sadu sínú ìwé rẹ̀ ní 2011 pé ó nílò ààbò kíákíá, ó kọ tálì ní 2022. Ní Sharjah níbí, wọ́n dá Irthi sílẹ̀ ní 2015, Sheikha Jawaher bint Mohammed Al Qasimi ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ níṣẹ́ ní Dibba Al-Hisn, wọ́n sì ń so wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ya àwòrán ọjà tuntun, tí iṣẹ́ náà fi ń dé ilẹ̀ òkèèrè. Ní Scotland, òfin ọdún 1993 sọ ọ́ pé aṣọ kò lè jẹ́ Harris Tweed àfi bí ẹni tó ń gbé ní erékùṣù Outer Hebrides bá fi ọwọ́ hun ún nínú ilé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Gánà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa, UNESCO kọ kente tiwọn sílẹ̀ ní 2024.

Kì í ṣe pé àwa náà ò ní ẹni tó ń ṣe é o. Màmá Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní aró àti òfì ní ibùdó rẹ̀ ní Òṣogbo láti 1983. Kenneth Ize, tí Èkó bí tí Austria sì tọ́ dàgbà, bá àwọn ahunṣọ Ìlọrin ṣiṣẹ́, ó wà lára àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje LVMH ní 2019, ní 2020 ni Naomi Campbell sì wọ aṣọ rẹ̀ rìn níwájú ayé ní Paris. Aṣọ òfì ni o, èyí tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé ó wúwo, ó ń mú ooru.

Ohun tí èmi àti Bàbá Kékeré wá ṣe kò tó ti Paris. Mo kọ́kọ́ san 342 dirham náà. Bàbá gbà á, wọ́n kà á, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, a gé igi mẹ́rin tó gùn dọ́gba, igi kan fún ilé kan, kí oníkálùkù máa fi wọn fífẹ̀ aṣọ bó ṣe ń hun ún. A ní kí obìnrin oníṣọ́ọ̀bù san ìdajì owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè ra gbogbo òwú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹnì kan. Ó lọ́ra kó tó gbà. Bàbá ní kí wọ́n máa fi aṣọ funfun tútù nu òwú kí wọ́n tó gbé e sórí òfì. Ọmọ Bàbá tó jẹ́ àbúrò mi ni yóò máa yẹ aṣọ wò ní Ìsẹ́yìn, kó tó kúrò nílé. Èyí tó bá ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n wá dá padà níbí, èmi ni mo ni ín. A forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1976 fún títa ọjà sókè òkun, a sì ń gba fọ́ọ̀mù NXP ní báńkì. Ẹ̀yin tí ẹ ń di aṣọ òkè 20 sínú àpótí tí ẹ sì ń sọ fún ìbodè pé tẹ̀gbọ́n yín ni, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.

Ìṣirò tuntun rèé. Òwú 17, torí a rà á pọ̀. Télọ̀ 8. Ọkọ̀ 15, a pa ẹrù pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn. Ayẹṣọwò 4. Ìbodè àti VAT 9. Èmi 12. Ahunṣọ 30 fún ọjọ́ méjì, ẹni tó ká òwú 10, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù ní ó ti wọ́n jù. Mo fi ìwé ìṣirò náà hàn án láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó dákẹ́, ó ní òun á mú 25, kì í ṣe 60 mọ́. Ilé méjì nínú mẹ́rin kò ríṣẹ́ nígbà yẹn, Bàbá Kékeré sì ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ọ̀kan ni ó dá padà nínú 25, èmi ni mo gbé e, òun ló wà lórí tábìlì wa báyìí. Ó ti béèrè fún 30 mìíràn, ẹtù ni ó fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ilé kan ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé kejì ń hun aṣọ ìgbéyàwó fún àwọn ará Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn kò ní àyè tèmi. Ìyẹn náà dáa.

Ó ku bébà ara aṣọ. Mo ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ó gbà pé kí a kọ orúkọ ìlú àti orúkọ ẹni tó hun ún, ní èdè Lárúbáwá, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Mo gbé e fún ìtẹ̀wé kan, ó tẹ̀ ẹ́ láìní àmì kankan, lórí tàbí nídìí. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré. Wọ́n ní, "Ìlú wo nìyí?"

Nítorí náà, ọwọ́ ni a ó fi kọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá sí kíláàsì Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé, 30 ni a nílò. Ẹ mú bírò tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín wá, kí àmì ìdí lè hàn. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ Deira ni yóò kọ ti àkọ́kọ́, mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.